Ẹ má fà á, ẹ dì í mú

Tí a bá rẹ pí-ò-pí, báńdéèjì líle tí dókítà fi ń wé ẹsẹ̀ ọmọ, sómi, kì í tètè rọ̀. Ẹni tí kò ṣe é rí lè rò pé bíi búrẹ́dì inú tíì ni yóò ṣe yọ́. Rárá o. Wákàtí kan á kọjá, omi inú bàsíà á ti funfun bí omi àkàmù, síbẹ̀ ẹsẹ̀ ọmọ ṣì le gbagidi bí òpó. Ohun tí à ń wá ni etí báńdéèjì, ibi tí ẹni tó wé e parí sí. A ó fi èékánná wá a yípo, a ó rò pé a ti rí i, fọ́nrán òwú kan ṣoṣo á já síni lọ́wọ́. Ọmọ ń ké. Ìyá ọmọ ń wo ẹni. Kò sí iná. Ìgbà tí ọwọ́ bá wá tẹ etí yẹn gan-an, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú nìyẹn, bí ìgbà tí wọ́n ń tú gèlè tí wọ́n ti wé láti àárọ̀ ọjọ́ òde.

Mo ti tú u ju ìgbà ogún lọ.

Ṣómólú là ń gbé, ibẹ̀ náà ni mo ti ń tẹ̀wé: ríṣíìtì, káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà tó bá di ìparí ọdún. Ọmọ mi obìnrin tí màá máa pè ní Ìgè níbí yìí wá sáyé pẹ̀lú ìkúùkù méjì tí kò ṣí, àtàǹpàkò wà nínú àtẹ́lẹwọ́, ẹsẹ̀ méjèèjì sì yí sínú débi pé àtẹ́lẹsẹ̀ ń wo ara wọn bí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ pàtẹ́wọ́. Ìgè kọ́ ni wọ́n ń pè é nílé ìwé. Orúkọ àmútọ̀runwá rẹ̀ ni, torí ẹsẹ̀ ló fi wáyé.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé fífi tó fẹsẹ̀ wáyé yẹn wà lára ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ inú oyún a máa tapá, a máa tasẹ̀, ibi tó ti ń ta á ni yóò ti yí orí sísàlẹ̀ kí oṣù tó pé. Èyí tí oríkèé rẹ̀ ti gan kò rí ẹsẹ̀ ta, torí náà ọ̀pọ̀ wọn ló ń jókòó sórí ìdí wọn títí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ fi dé. Mo máa ń ronú pé bóyá àwọn ìyá ìyá wa tó ń gbẹ̀bí ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú àwọn Ìgè tí wọ́n gbà, kó tó di pé ẹnikẹ́ni fún un lórúkọ ìwé.

Níbi tí a bí i sí, ilé ìwòsàn aládàáni kan tí n kò ní dárúkọ, nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀ bi ìyàwó mi léèrè bóyá ó wo arọ kan nígbà tó wà nínú oyún. Ibi ọmọ kò tíì jáde tán tó fi bi í. Lọ́jọ́ kẹta ni àwọn mọ̀lẹ́bí gbé tiwọn dé: "Ṣé ẹ ò yẹ jínótáìpù yín wò kí ẹ tó fẹ́ra ni?" A yẹ̀ ẹ́ wò. AA lèmi, AS ni ìyàwó mi. Mo gbé ìwé rẹ̀ jáde bí ẹni tó fẹ́ fi han ọlọ́pàá. Kò wúlò, torí nǹkan kan ṣoṣo ni jínótáìpù tí gbogbo wa ń sáré ṣe kó tó di ìgbéyàwó ń wò, kí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde má bàa wọlé. Jíìnì, àwọn ohun àjogúnbá tó ń sọ bí ara yóò ṣe rí, tó nǹkan bí 20,000 lára èèyàn. Jínótáìpù yẹn bi ọ̀kan léèrè ọ̀rọ̀, ó sì fi àwọn yòókù sílẹ̀.

Orúkọ tí dókítà kọ sínú fáìlì rẹ̀ nígbà tí a dé ibi tó yẹ ká dé ni arthrogryposis. Èdè Gíríìkì ni, oríkèé tó kákò ló túmọ̀ sí. Ó ju 400 àìsàn lọ tó lè gba ọ̀nà yìí yọ. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni pé wọ́n bí ọmọ náà tòun ti oríkèé tó ti kákò níbi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lára. Nínú nǹkan bí 3,000 ọmọ tí wọ́n bí, ọ̀kan lè ní in. Ẹ ro iye ọmọ tí wọ́n ń bí l'Ékòó lójúmọ́, kí ẹ wá sọ fún mi ìdí tí àwọn èrò inú kórópe fi ń wo ọmọ mi bíi pé irú rẹ̀ kò wá rí.

Dókítà náà, obìnrin ni, kò yára sọ̀rọ̀. Ó ní oríkèé kò dá parí ara rẹ̀, pé mímira ló ń parí rẹ̀. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹjọ nínú oyún ni ọmọ ti ń mira, mímira yẹn ló sì ń jẹ́ kí oríkèé mọ ibi tí yóò ti máa ká. Bí iṣan bá kọ̀, tàbí okùn tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọpọlọ wá sí iṣan, tàbí tí àyè kò gba ọmọ nínú ilé ọmọ, oríkèé á jókòó sójú kan, ohun tó yí i ká á sì le mọ́ ọn. Híǹjì ilẹ̀kùn tí wọ́n kùn lọ́dà láìṣí i ló sọ sí mi lọ́kàn.

Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí ọwọ́ yín."

Mo rò pé bóyá ó fẹ́ kí n lọ fọ ọwọ́ ni, torí íǹkì kì í tán léèékánná mi. Ó ní kí n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sórí tábìlì, kí n jẹ́ kó fara kan igi. Ó tẹ́, àfi ọmọńdinrín méjèèjì. Àwọn ìyẹn gbé ara wọn sókè díẹ̀, bí ẹni tó ká orúnkún nínú oorun. Láti kékeré ni wọ́n ti rí bẹ́ẹ̀. Mo ti máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé ẹ̀rọ tí a fi ń gé ìwé ló fà á, irọ́ ni, mo kàn ń wá ohun tí màá sọ ni.

Màmá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Dókítà kò tíì sọ nǹkan kan fún wọn. Mo kàn rí i pé wọ́n fa ìborùn wọn wá síwájú, wọ́n sì kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ rẹ̀.

Ìka ọwọ́ màmá mi kò ná tán. Ti ìyá tiwọn náà kò ná tán, ìyá tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣòwò aṣọ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Gbogbo agboolé ló gbà pé wíwọn aṣọ lápá lápá ló sọ ọwọ́ wọn dà bẹ́ẹ̀. Ìran mẹ́ta, ìran kọ̀ọ̀kan ló ní àwáwí tirẹ̀. Irú èyí tó wà lára wa ni àwọn dókítà ń pè ní distal arthrogryposis, tó máa ń mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Jíìnì kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ baba tàbí ìyá ti tó láti gbé e wá. Bí a bá tún lóyún, ìlàjì ìlàjì ni, bíi kọ́bọ̀ tí a jù sókè. Ohun tó sì ṣòroó gbà ni pé bó ṣe mú òbí kọ́ ló ń mú ọmọ. Ó lè ká ọmọńdinrín baba, kó kọjá lọ, kó tún dé ọ̀dọ̀ ọmọ kó di ọwọ́ méjèèjì, ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó tún lè bẹ̀rẹ̀ láti ara ọmọ fúnra rẹ̀, láìsí lára baba, láìsí lára ìyá.

Ọ̀kan nínú àwọn jíìnì tí wọ́n máa ń fura sí ni MYH3. Nígbà tí mo ka ohun tó ń ṣe, mo pa fóònù, mo jókòó. Iṣan tí ọmọ ń lò kí wọ́n tó bí i ni iṣẹ́ rẹ̀ jù. Tí wọ́n bá ti bí ọmọ tán, àwọn jíìnì mìíràn ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn ni pé ohun tó bàjẹ́ ti parí iṣẹ́ ibi rẹ̀ kó tó di pé ẹnikẹ́ni rí ojú ọmọ náà. Ó ti kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n oríkèé ti gan. A ò tíì ṣe àyẹ̀wò tó máa sọ bóyá òun ni lára tiwa. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ náà yóò lọ sókè òkun, èmi fúnra mi ò sì tíì wọ bàálù rí.

Ẹsẹ̀ la kọ́kọ́ dojú kọ. L'Ékòó, tí ọ̀rọ̀ bá ti di ti eegun, Ìgbòbì ni gbogbo ayé ń tọ́ka sí. Ìgbà ogun Hitler ni ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, fún àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́, ó di ilé ìwòsàn ní 1945, títí dòní bí dírẹ́bà bá fẹ́ ṣépè fún ọlọ́kadà, Ìgbòbì ló máa ní kó gbà lọ. Àwa kò kọ́kọ́ lọ síbi tó ní láárí kankan. Ilé ìwòsàn kékeré kan tó sún mọ́ wa ni a gbé e lọ, wọ́n wé pí-ò-pí fún un, wọ́n gbowó, wọ́n ní ká padà wá lẹ́yìn oṣù kan. Lóru ọjọ́ yẹn ni ìyàwó mi tan iná fóònù sí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti wú, wọ́n ti ń dúdú bọ̀, wọ́n sì tutù bí ìka ẹni tó ti inú òjò dé. Aago méjì òru ni mo kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wá etí báńdéèjì. Ìgbà tó yá ni wọ́n kọ́ wa lóhun tí ẹni yẹn ìbá ti sọ: ẹ tẹ orí ìka ẹsẹ̀ ọmọ, yóò funfun; ẹ fi sílẹ̀, kí àwọ̀ rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀. Tí kò bá padà, ẹ má dúró di ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́.

Ọ̀nà tí wọ́n wá ń lò fún un níbi tí a bá a dé, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ignacio Ponseti ló fi lélẹ̀. Ọmọ erékùṣù Menorca nílẹ̀ Spain ni, wọ́n bí i ní 1914. Baba rẹ̀ ń tún aago ṣe, òun náà sì ń bá a tún un ṣe ní kékeré. Ó tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun abẹ́lé wọn, ó sá gba Faransé, ó gba Mẹ́síkò, ó dé Iowa l'Amẹ́ríkà ní 1941. Ibẹ̀ ló ti rí i pé àwọn tí wọ́n ti la ẹsẹ̀ wọn ní kékeré, tí wọ́n gé tibí, tí wọ́n rán tọ̀hún, bí wọ́n bá dàgbà ẹsẹ̀ náà á gan, á sì máa dùn wọ́n. Ó fi abẹ ńlá sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ọwọ́ darí ẹsẹ̀ ọmọ díẹ̀díẹ̀, á wé pí-ò-pí lé ibi tó bá a dé, ọ̀sẹ̀ kan á kọjá, á tú u, á tún sún un síwájú díẹ̀. Mo gbà pé ọmọ ẹni tó ń tún aago ṣe ló lè ní irú sùúrù yẹn. Ọjọ́ ti pẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó gbà á gbọ́.

Láti ìka ẹsẹ̀ dé ìdí itan ni wọ́n ń wé e, tòun ti orúnkún tí wọ́n ká. Ọmọ tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ wíwọ́ nìkan ló ní, tí ibòmíràn lára rẹ̀ pé, pí-ò-pí márùn-ún mẹ́fà sábà máa ń tó o. Àwọn bíi ti Ìgè, wọ́n ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé ọ̀nà yìí kò lè ràn wọ́n, pé iṣẹ́ abẹ ńlá ló kàn tààrà. Ìgbà tí a ti wọ inú ọ̀rúndún yìí ni wọ́n wá rí i pé ó ń ràn wọ́n, kìkì pé pí-ò-pí wọn máa ń pọ̀ jù, ẹsẹ̀ wọn sì máa ń fẹ́ padà síbi tó ti wá. Ti Ìgè gba mẹ́wàá.

Èyí ẹlẹ́ẹ̀kejì, èmi ni mo bà á jẹ́. Àárọ̀ Ọjọ́rú ni kíníìkì, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún wa pé ká tó kúrò nílé lọ́jọ́ náà ni ká rẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ni mẹ́rúwà ń gba àdúgbò wa kọjá, mo ra kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin, mo ro ti gosíló àárọ̀, mo ní kí n kúkú ṣe é tán lálẹ́ Túsìdeè. Ọgbọ́n pọ̀ lórí mi. Ọmọ náà sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ń ju ẹsẹ̀ fàlàlà, a tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí dókítà gbé ẹsẹ̀ náà lọ́wọ́, ó wò ó, ó wò mí. "Dádì, ìgbà wo lẹ tú u?" Kò jágbe mọ́ mi, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Láàárín òru kan ṣoṣo tí ẹsẹ̀ náà fi sùn lófìfo, ó ti padà yí sínú, ìlàjì iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ti lọ. Bí a ṣe ń padà lọ sílé, ìyàwó mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé Fádèyí.

Iṣan gìgísẹ̀ ló kù lẹ́yìn ìkẹsàn-án. Òun ni kò jẹ́ kí gìgísẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Dókítà ní òun máa gé e, kó dá sí méjì pátápátá. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ ìyẹn fún màmá mi, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú kọ́rídọ̀ náà tòun ti ìró àńkárá wọn. Ojú abẹ náà kò ju èékánná lọ. Wọ́n wé pí-ò-pí ìkẹwàá lé e fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ara ọmọ fúnra rẹ̀ sì hu iṣan náà padà nínú òkùnkùn yẹn, ó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. N kò mọ ohun tó tún yà mí lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ìrìn yìí.

Bàtà onírin ló tẹ̀ lé e: bàtà kékeré méjì tí irin gbọọrọ so pọ̀ kí ẹsẹ̀ lè máa wo ìta. Wákàtí mẹ́tàlélógún nínú mẹ́rìnlélógún, fún oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, gbogbo ìgbà tó bá ń sùn, títí ọmọ fi tó ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún. Gbogbo ìwé tí mo kà ló sọ iye wákàtí. Kò sí èyí tó sọ pé ọmọ tó wọ bàtà yẹn kò ṣeé pọ̀n. Irin ti de ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, báwo ni yóò ṣe ya ẹsẹ̀ sí ìbàdí ìyá rẹ̀? Oṣù mẹ́ta tí ìyàwó mi kò fi rí ọmọ pọ̀n, àfi wákàtí kan ṣoṣo lójúmọ́ tí a bọ́ bàtà. Inú wákàtí yẹn la ti ń wẹ̀ ẹ́. Ìyókù, bó ku ogún ìṣẹ́jú, bó ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á gbé e sẹ́yìn, á so ọ̀já, á máa rìn káàkiri nínú yàrá, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wíwẹ̀ yẹn gan-an ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Ẹ mọ bí àwọn ìyá àgbà ṣe ń wẹ ọmọ: omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, kàn-ìn-kàn-ìn, òrí, wọn á na apá ọmọ, wọn á na ẹsẹ̀ rẹ̀, wọn á gbé e jù sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Màmá mi wá láti Ìsàlẹ̀ Èkó tìtorí ìyẹn. Ní tiwọn, ara ọmọ tó gan, nínà ni kò tíì tó. Mo bá wọn lẹ́ẹ̀kan níbi tí wọ́n ti di ọwọ́ ọmọ náà mú tí wọ́n ń fà á, omi ń dà lójú ọmọ, omi ń dà lójú tiwọn náà. Ẹ̀rù bà mí torí wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé eegun irú àwọn ọmọ wọ̀nyí a máa tètè dá, pàápàá nígbà tí wọ́n ṣì kéré.

Mo mú wọn lọ bá obìnrin físíò, ẹni tó ń kọ́ni bí a ṣe ń na oríkèé. Ọmọ kékeré ló jẹ́ sí wọn, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó gba ọwọ́ Ìgè. Ó ní, "Màmá, ohun tí ẹ ń ṣe dáa. Nínà náà ni. Ẹ má kàn fà á, ẹ dì í mú." Ó fi hàn wọ́n: gbé ìka náà dé ibi tó bá fẹ́ dé, ìgbà tó bá kọ̀, dúró síbẹ̀, má padà, má tì í, ka ọgbọ̀n, kí o tó fi sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹta, mẹ́rin, nígbàkigbà tí ẹ bá pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀. Màmá mi ronú sí i. "Ọgbọ̀n? Ṣé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kò ní pọ̀ jù?" Físíò ní kò pọ̀ jù. Láti ọjọ́ yẹn, tẹ̀súbà kò kúrò lọ́wọ́ wọn tí wọ́n bá ń wẹ ọmọ: Subhanallah mẹ́tàlélọ́gbọ̀n fún àtàǹpàkò ọ̀tún, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n fún ti òsì, Alhamdulillah fún ọrùn ọwọ́. Èmi tí mo ń fi aago fóònù kà á, mo máa ń gbàgbé. Wọn ò gbàgbé rí.

Ní àkókò kan náà, wọ́n ń fi ike dè é lọ́wọ́ lóru. Wọ́n á ju ike funfun pẹlẹbẹ sínú omi gbígbóná, á rọ̀ bí àwọ, wọ́n á mọ ọ́n mọ́ ìka àti àtàǹpàkò rẹ̀ kó tó le padà. Oṣù díẹ̀, ọwọ́ á ti ṣí ju ike lọ, wọ́n á tún un mọ. Àtàǹpàkò ọ̀tún kò gbà tán, ó di kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí i lẹ́yìn tó pé ọdún méjì. N kò fẹ́ sọ púpọ̀ nípa ọjọ́ yẹn, ju pé ó pẹ́ kí wọ́n tó rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa gún, èmi sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ wòlíì ń kọ́? A lọ. A padà.

Orí bẹ́ǹṣì kíníìkì ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an. Ọmọkùnrin kan máa ń wá láti apá Agége, yóò tó ọmọ ọdún mẹ́rin. Irú tirẹ̀ ni wọ́n ń pè ní amyoplasia, òun ló wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀, kì í sì í bá ìdílé rìn. Apá rẹ̀ méjèèjì nà gbọọrọ, ìgúnpá kò ká rárá, ọrùn ọwọ́ tẹ̀ sísàlẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ pé, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ti àgbàlagbà lọ. Tó bá fẹ́ jẹ bisikíìtì, á fi ọwọ́ méjèèjì há a, á gbé ọwọ́ lé etí bẹ́ǹṣì, á wá tẹ orí wálẹ̀ bá a. Ìyá rẹ̀ fẹ́ kí wọ́n bá òun ká apá méjèèjì. Dókítà ní ọ̀kan ṣoṣo ni òun máa ṣe.

Ìyá náà bínú. Ó ní owó òun kọ́ ni ká tìtorí rẹ̀ fi ọ̀kan sílẹ̀. Dókítà bi í pé, "Mọ́mì, ọwọ́ wo lẹ fi ń jẹun?" Ó ní ọ̀tún. "Ọwọ́ wo lẹ fi ń ṣan ìdí?" Bẹ́ǹṣì dákẹ́, lẹ́yìn náà ẹ̀rín bú yéè. Dókítà ṣàlàyé pé iṣan tó ń ká ìgúnpá kò sí lápá ọmọ náà, torí náà bí wọ́n bá tiẹ̀ ṣe é, kò ní dá ká a fúnra rẹ̀. Yóò máa fi etí tábìlì tì í lọ sẹ́nu ni. Tí wọ́n bá ká méjèèjì, kò ní sí èyí tó máa dé ìdí, kò sì ní sí èyí tó máa fi ti ara rẹ̀ dìde nílẹ̀. Ọ̀tún yóò ká, kó lè jẹun. Òsì yóò nà, kó lè máa tọ́jú ara rẹ̀ ní ilé ìyàgbẹ́ láìpe ìyá rẹ̀. Èmi ò mọ ibi tí àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ kọ ìlànà yẹn ti mú un, ṣùgbọ́n gbogbo ilé Yorùbá ló mọ̀ ọ́n.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti rí i pé ìbéèrè mi kì í ṣe ìbéèrè dókítà. "Ìgbà wo ni yóò tọ́?" lèmi ń bi í lójoojúmọ́. Màmá mi náà, ohun tí wọ́n ń bi mí lórí fóònù nìyẹn: "Àkànní, ṣé ó ti ń tọ́?" Dókítà kò sì fi ìgbà kan sọ fún wa pé yóò tọ́. Ohun tó ń bi wá ni pé, ṣé ó lè di ṣíbí mú? Ṣé gìgísẹ̀ ń kan ilẹ̀? Ṣé bàtà tí ẹ rà lọ́jà ń wọ̀ ọ́? Kíníìkì kan wà tí ìka àárín Ìgè ṣì tẹ̀, tí mo ń fi ẹ̀dùn ọkàn nawọ́ sí i, dókítà sì ní òun kò ní fọwọ́ kàn án. Ìka tó tẹ̀ yẹn ni ọmọ náà fi ń há pẹ́ńsù. Tí òun bá nà án, á lẹ́wà nínú fọ́tò, pẹ́ńsù á sì bọ́. Kí ló dé tí tọ́ tí à ń pè fún igi tí kò wọ́, òun náà là ń pè tí a bá ń tọ́ ọmọ? Èyí àkọ́kọ́ ni mo wá débẹ̀. Obìnrin yẹn ń ṣe èyí kejì, n kò sì mọ̀.

Bí mo bá fi iṣẹ́ mi rò ó, ó yé mi. Káàdì tó nípọn, ó ní ojú ibi tí okùn inú rẹ̀ kọ sí. Tí a bá ká a lòdì sí i, yóò fọ́ lójú ibi tí a ká. Ọmọ iṣẹ́ tuntun a máa fi agbára tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á kọ́kọ́ wo ibi tó ń gbà.

Ìgè ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó ń rìn, ó ń sáré lọ́nà tirẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín nísàlẹ̀ orúnkún, bí ẹsẹ̀ wíwọ́ ṣe máa ń fi í sílẹ̀ nìyẹn. Eyín ló fi ń já ọ̀rá píọ́ wọ́tà. Lẹ́yìn ilé ìwé á wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, á máa fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ gbá ewé ríṣíìtì pọ̀ ní ewé àádọ́ta àádọ́ta, tí ọmọ iṣẹ́ mi bá ṣi kíkà, á gbé e padà fún un. Nípa orúkọ tí àwọn ọmọ kan ń pè é nílé ìwé, òun àti ìyá rẹ̀ ló ń yanjú ìyẹn, wọn kì í jẹ́ kí n dá sí i.

Ẹsẹ̀ òsì ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Mo ti rí i lára bàtà rẹ̀ kí dókítà tó rí i: ẹ̀gbẹ́ ìta ti jẹ, ti inú ṣì wà bí a ṣe rà á. Wọ́n ní pí-ò-pí mẹ́ta sí mẹ́rin ná. Lẹ́yìn náà ni wọ́n máa wá ṣí iṣan kan tó ń fa ẹsẹ̀ sínú nípò, wọ́n á gbé e lọ sí ìhà ìta, kó lè máa fà á síbi tó yẹ. Mo ti ń kó owó rẹ̀ jọ láti ìgbà tí kàlẹ́ńdà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Wọ́n wé èyí àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Àárọ̀ òní ni Ọjọ́rú. Aago márùn-ún ni mo bu omi sínú bàsíà, òní gan-an, n kì í ṣe ọlọgbọ́n mọ́. Ìgè jókòó sórí àpótí, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi, ó ń tòògbé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná wá etí báńdéèjì náà bí ìṣe mi, mo yí i ká lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní, "Dádì, ẹ sún." Ó fi àtàǹpàkò ọ̀tún, èyí tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí, ra ẹ̀gbẹ́ orúnkún rẹ̀ lọ, ó dúró síbì kan, ó fi ìka tó tẹ̀ yẹn kọ́ abẹ́ rẹ̀. Ó ti rí i. Ìyá rẹ̀ ń pariwo láti inú ilé pé ká ṣe kíá, pé bọ́ọ̀sì ti ń kún.